Bí A Ṣe Ń Mú Kí Ẹ́ńjìnnì Onígáàsì Àtijọ́ Ṣiṣẹ́ Geere, Kí Ìyípo Rẹ̀ sì Dọ́gba

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dúró ti ẹ́ńjìnnì onígáàsì tí wọ́n rọ ní nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn lè rò pé ara rẹ̀ kò dá. Yóò bú lẹ́ẹ̀kan, fúláíwíìlì rẹ̀, ìyẹn àgbá irin ńlá tó wúwo tó ń mú kí ẹ̀rọ máa yí, yóò máa yí lọ fúnra rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí a kò ní í gbọ́ ju pé ó ń mí sínú tó sì ń mí síta lọ, lẹ́yìn náà ni yóò tún bú. Ẹni tó dàgbà sí ẹ̀bá ẹ̀rọ ìlọta tàbí ẹ̀rọ gàrí tí ẹ́ńjìnnì Lister ń yí nílẹ̀ Yorùbá, tí etí rẹ̀ ti mọ́ ìró tó ń lù láìdáwọ́ dúró, yóò tètè fura sí i. Ṣùgbọ́n fífò tó ń fò yẹn kì í ṣe àìsàn. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Àìsàn ni pé kí ìbúgbàù kan le, kí èyí tó tẹ̀ lé e sì rọ. Kí ẹ̀rọ náà sáré díẹ̀, kí ó tún wọ́ ẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ tó dúró lé máa mì. Kí ẹ́sọ́ọ̀sì rẹ̀ máa dún bí ìbọn lójijì. Àwọn àìsàn wọ̀nyí ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé gọ́fánọ̀, ìyẹn ohun èlò tó ń ṣàkóso eré ẹ̀rọ nípa fífo ìbúgbàù, ni ohun tó yẹ ká fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sáré lọ bá. Gọ́fánọ̀ lè pinnu ìgbà tí ìbúgbàù yóò wáyé, ṣùgbọ́n kò lágbára láti mú kí ìbúgbàù kan dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń tún sípíríńgì gọ́fánọ̀ ẹ̀rọ kan ṣe, tí mo ń fún un le, tí mo ń dẹ̀ ẹ́, kí n tó ṣí fáàfù ẹ́sọ́ọ̀sì rẹ̀, kí n sì rí i pé èédú ti dì sí abẹ́ orí fáàfù náà tí kò fi lè pa dé dáadáa. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀ lé ètò kan tí n kì í yí padà: ìfúnpọ̀, ìyẹn bí písítìnì ṣe ń fún gáàsì àti afẹ́fẹ́ pọ̀, ni ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ọ́ìlì àti omi, lẹ́yìn náà gáàsì, lẹ́yìn náà iná, kí gọ́fánọ̀ tó kàn, kí a sì fi fúláíwíìlì àti ìpìlẹ̀ parí rẹ̀.

Ibi tí àìdọ́gba náà ti wá

Ẹ́ńjìnnì tí Étienne Lenoir gbé jáde ní Paris ní ọdún 1860 kì í fún gáàsì àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kí iná tó ràn sí wọn, nítorí náà gáàsì púpọ̀ ló ń jẹ fún agbára díẹ̀. Èyí tí Nikolaus Otto àti Eugen Langen gbé lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Paris ní ọdún 1867 gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nítorí pé gáàsì tó ń jẹ kéré gan-an, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kò kéré rárá: ìbúgbàù á ju písítìnì sókè bí ẹni ju òkò, afẹ́fẹ́ ayé á tì í wálẹ̀, irin eléyín tó so mọ́ ọn á sì máa yí ọ̀pá bó ti ń bọ̀. Ọdún 1876 ni Otto parí iṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì oní-ìrìn-mẹ́rin, ilé iṣẹ́ Crossley Brothers ní Manchester sì gba àṣẹ láti máa ṣe é ní Bìrìtéènì. Àwọn ènìyàn ń pe ẹ̀rọ tuntun náà ní Otto aláìláriwo, nítorí pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, ó tutù létí.

Síbẹ̀, nínú ìrìn mẹ́rin tí písítìnì ń rìn, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń fún wa ní agbára. Mẹ́ta tó kù ń jẹ nínú rẹ̀ ni. Bí ẹ̀rọ náà bá ń yípo ní ìgbà 180 ní ìṣẹ́jú kan, ìbúgbàù 90 ló lè ní ní ìṣẹ́jú náà, ìyẹn bí gọ́fánọ̀ kò bá fo ọ̀kankan. Èyí ló mú kí Dugald Clerk ṣe tirẹ̀ tó ń bú ní gbogbo ìyípo, tó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1881. Ẹ̀rọ tí mo ní lọ́kàn nínú ìtọ́sọ́nà yìí ni oní-ìrìn-mẹ́rin tó dùbúlẹ̀, tó ní sìlíńdà kan ṣoṣo, irú èyí tí Crossley ṣe títí ọ̀rúndún 19 fi parí, tí ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ibi bíi Anson Engine Museum ní Poynton, nítòsí Manchester, àti Coolspring Power Museum ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo àìsàn rẹ̀, fún ìdajì wákàtí, kí ẹ sì gbé ìwé àti bírò jókòó tì í. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ojú kan lórí fúláíwíìlì, kí ẹ ka iye ìyípo fún ìṣẹ́jú kan gbáko pẹ̀lú aago, kí ẹ sì tún ka iye ìbúgbàù tó wà nínú ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láìsí àkọsílẹ̀ yìí, ẹ kò ní í mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí ẹ ṣe tún un ṣe tàbí ó bà á jẹ́, torí pé etí ènìyàn a máa gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tó ṣe pàtàkì jù lọ níbi ìkà yìí. Ìbúgbàù lè má wáyé fún ìdí méjì tí kò jọra. Ó lè jẹ́ pé gọ́fánọ̀ ló fò ó, ìyẹn ni pé ìka irin tó máa ń ti fáàfù gáàsì kò kàn án, tí gáàsì kankan kò sì wọlé. Ó sì lè jẹ́ pé ìka náà ti fáàfù, gáàsì wọlé, ṣùgbọ́n iná kò ràn. Èkíní dára; èkejì ni ọ̀tá. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ó ti máa rí ìka irin náà, kí ẹ sì máa wò ó bí ẹ ṣe ń fetí sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti fáàfù láìsí ìbúgbàù, ẹ fa ilà kan sínú ìwé. Bí ilà bá wà níbẹ̀, ẹ má tíì dé ọ̀dọ̀ gọ́fánọ̀.

Ìfúnpọ̀

Ẹ ti gáàsì pa, kí ẹ fi ọwọ́ yí fúláíwíìlì títí písítìnì yóò fi máa bọ̀ nínú ìrìn ìfúnpọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ní káàmù kékeré tó ń dín ìfúnpọ̀ kù nígbà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé ẹ ti gbé e kúrò lójú iṣẹ́. Ẹ̀rọ tó dára yóò ta ko ọwọ́ yín bíi tìmùtìmù, bí ẹ bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò ta fúláíwíìlì padà sẹ́yìn. Èyí tó ń jò yóò kàn rọ̀ lọ́wọ́ yín bíi pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń lo ọwọ́ iná kékeré láti tan gáàsì inú sìlíńdà kò fi bẹ́ẹ̀ fún nǹkan pọ̀, kò ju kí wọ́n sọ ìdá mẹ́ta di ọ̀kan lọ, nítorí náà kò sí àyè fún jíjò kankan; ìwọ̀nba tí wọ́n ní náà ni kí ẹ pamọ́.

Ibi mẹ́ta ni ìfúnpọ̀ ń gbà lọ. Àkọ́kọ́ ni fáàfù ẹ́sọ́ọ̀sì, èyí tí ooru ń bà jẹ́ jù. Ẹ yọ ọ́, ẹ ha èédú ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi oògùn ìlọfáàfù lọ̀ ọ́ mọ́ ìjókòó rẹ̀ títí ẹ ó fi rí òrùka kan tó ní àwọ̀ eérú yíká láìjá níbì kankan. Ẹ wo sípíríńgì rẹ̀ pẹ̀lú, torí sípíríńgì tí ooru ti pa kì í da fáàfù padà lásìkò. Ìkejì ni ríìngì písítìnì. Ríìngì tó ti lẹ̀ mọ́ ihò rẹ̀ nítorí ọ́ìlì jíjóná kì í fẹ̀ mọ́; ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹ́rósíìnì di ọjọ́ kejì, kí ẹ má fi ìbínú fà á, nítorí pé irin dídà ni, ó sì ń kán. Ìkẹta, lára àwọn ẹ̀rọ ìbẹ̀rẹ̀ náà, ni pátákó irin tó ń sún lọ sún bọ̀, tó ń gbé ọwọ́ iná wọ inú sìlíńdà. Bí sípíríńgì tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara sìlíńdà bá dẹ̀ jù, ìfúnpọ̀ yóò fẹ́ iná náà pa. Bí ó bá le jù, pátákó náà yóò máa há, yóò sì ha ojú ara rẹ̀. Ẹ dẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ ìró jíjò fíntín, kí ẹ wá fún un padà díẹ̀díẹ̀ títí ìró náà yóò fi dákẹ́, kí ẹ sì dúró síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ṣí sìlíńdà, ẹ ha gbogbo èédú orí písítìnì àti inú ihò ìbúgbàù kúrò. Èédú tó yọ góńgó a máa pọ́n bí ẹyin iná, a sì máa ran iná sí gáàsì kí àkókò rẹ̀ tó tó. Ẹ̀rọ tó bá ń kan bí òòlù lẹ́yìn tó ti gbóná, tí kì í sì í kàn nígbà tó tutù, inú ihò yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ọ́ìlì àti omi

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ́ìlì tí kò ní oògùn ìfọǹkan nínú, tó nípọn níwọ̀n SAE 30 tàbí 40, ló bá sìlíńdà àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí mu. Kí ó máa kán ní ẹyọ ẹyọ láti inú ìgò ọ́ìlì. Bí èéfín búlúù bá ń jáde lẹ́sọ́ọ̀sì, ẹ dín in kù. Bí písítìnì bá gbẹ tó sì ń sunkún, ẹ fi kún un. Omi tó ń yí sìlíńdà ká kò gbọdọ̀ tutù jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé bí omi bá ṣe tutù tó ni ó dára tó, ṣùgbọ́n sìlíńdà tútù ń mú kí iná ràn lọ́ra, kí ìbúgbàù sì máa yàtọ̀ síra. Ẹ jẹ́ kí omi tó ń jáde lókè wà ní nǹkan bí dígírì 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ibi tí ọwọ́ kò ti lè pẹ́ lára páìpù. Bí ẹ̀rọ bá ń lo àgbá omi tó ń yí fúnra rẹ̀ nípa ooru, ojú omi inú àgbá gbọ́dọ̀ ga ju ẹnu páìpù òkè lọ nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi kò ní í yí mọ́.

Gáàsì: ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù

Gáàsì tí wọ́n fi ojú sùn nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn ẹ̀rọ yìí ni gáàsì èédú, èyí tí àwọn ìlú ń ṣe nínú ilé iṣẹ́ tiwọn, tí wọ́n sì ń fi páìpù gbé kiri fún àtùpà. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni háídírójìn, èyí tó ń jó kíákíá. Láàárín ọdún 1967 sí 1977 ni Bìrìtéènì yí àwọn ilé rẹ̀ kúrò lórí gáàsì yẹn sí èyí tó ń wá láti abẹ́ Òkun Àríwá, tó jẹ́ pé methane ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Lónìí, èyí tàbí propane inú ìgò irin ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ń jẹ, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn yóò máa bá ẹ̀rọ jà lásán.

Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ṣe tó. Kúbíìkì mítà kan gáàsì èédú ní ooru tó tó nǹkan bí mẹ́gájúùlù 18 sí 20. Ti gáàsì abẹ́ òkun jẹ́ nǹkan bí 38. Ti propane sì ju 90 lọ. Bákan náà, ìwọ̀n gáàsì èédú kan ń fẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 5 kó tó jó tán, gáàsì abẹ́ òkun ń fẹ́ nǹkan bí 10, propane sì ń fẹ́ nǹkan bí 24. Ihò fáàfù gáàsì tí wọ́n gbẹ́ ní ọdún 1890 fún gáàsì èédú fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ju ohun tí propane nílò lọ. Bí ẹ bá kàn so ìgò mọ́ ọn, gáàsì yóò pọ̀ ju èyí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jó tán lọ, iná kò sì ní í ràn dáadáa. Ìbúgbàù kan yóò wáyé, méjì yóò bọ́, èkẹta yóò jáde ní dúdú. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ fi ẹnu tóóró kan sí ọ̀nà gáàsì, níwájú fáàfù, kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan ihò àtijọ́ náà, torí pé ohun ìrántí ni, a kò sì lè dá a padà mọ́ bí a bá ti bà á jẹ́.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ó kan ìtì gáàsì, ìyẹn agbára tí gáàsì fi ń ti ara rẹ̀ bọ̀ nínú páìpù. Ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í mu gáàsì bí àtùpà ṣe ń mu ún. Wọ́n ń gbé e mì ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣì ń lo gáàsì èédú, gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbé gáàsì mì ni àtùpà àwọn aládùúgbò máa ń ṣẹ́jú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so àpò rọ́bà kan mọ́ àárín mítà gáàsì àti ẹ́ńjìnnì. Àpò náà ṣe ẹ̀rọ pàápàá lóore ju àtùpà lọ, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí gáàsì tí ẹ̀rọ rí mu ní ìgbà yìí jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú ti ìgbà tó kọjá. Kí àpò yín sún mọ́ ẹ̀rọ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí ó sì jìnnà sí ooru àti ọ́ìlì, torí ọ́ìlì ń jẹ rọ́bà. Ẹ fi kọ́ọ̀kì kan síwájú rẹ̀, kí ẹ sì yí i títí àpò náà yóò fi máa mí bí ikùn ọmọ tó ń sùn: kí ó rọ́ díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá mu, kí ó tún kún díẹ̀díẹ̀. Àpò tó le gbangba bíi bọ́ọ̀lù kò ṣe iṣẹ́ kankan; èyí tó sì ń pọ̀ mọ́ra pátápátá ń fi ebi pa ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá ń lo propane, ẹ rántí pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, inú kòtò fúláíwíìlì ló sì máa ń kó jọ sí. Ẹ má ṣe tan iná kankan kí ẹ tó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí ibẹ̀, kí ẹ rí i pé ẹni tó mọ̀ nípa gáàsì ló so páìpù àti àpò náà, kí èéfín ẹ́sọ́ọ̀sì sì máa jáde síta gbangba, nítorí pé carbon monoxide inú rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pani.

Ní ti dídọ́gba gáàsì pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná fún ìdajì wákàtí, kí ẹ gbé ẹrù kan tí kò ní í yí padà lé e, bí dáyínámò tó ń tan iye gílóòbù kan pàtó. Lẹ́yìn náà, ẹ yí kọ́ọ̀kì gáàsì láti kékeré sí púpọ̀ ní ìwọ̀n ìdá díẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa ka iye ìbúgbàù fún ìṣẹ́jú méjì ní ojú àmì kọ̀ọ̀kan. Ibi tí iye ìbúgbàù bá ti kéré jù lọ lórí ẹrù kan náà ni ibi tí ìbúgbàù kọ̀ọ̀kan ti lágbára jù. Ọ̀pọ̀ ìwé àlàyé yóò ní kí ẹ dúró síbẹ̀ nítorí owó gáàsì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ ìdọ́gba la ń wá. Ẹ dín gáàsì kù láti ibẹ̀ títí ìbúgbàù yóò fi rọ díẹ̀, tí yóò sì máa wáyé lemọ́lemọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí ẹ dúró kí ilà àìràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìwé yín. Bí ẹ́sọ́ọ̀sì bá dún bí ìbọn, gáàsì tí kò jó ló lọ kó jọ síbẹ̀ tí èyí tó tẹ̀ lé e sì ran iná sí i. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló ti tú iná síta, gáàsì ti kéré jù, iná rẹ̀ lọ́ra débi pé ó ṣì ń jó nígbà tí fáàfù ìwọlé ṣí.

Iná

Ọwọ́ iná tí pátákó ń gbé wọlé ń fẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́. Ẹ ti ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà bọ̀ lójú rẹ̀, kí ẹ sì máa nu ihò kékeré inú pátákó náà lójoojúmọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Páìpù gbígbóná, tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń lò dípò rẹ̀, ni ó ní ìjìnlẹ̀. Páìpù kékeré kan tí òkè rẹ̀ dí ló so mọ́ sìlíńdà, iná Bunsen, ìyẹn ọwọ́ iná gáàsì kékeré kan, sì ń jó o láti ìta títí yóò fi pọ́n. Èéfín tó kù nínú páìpù láti ìgbà tó kọjá ni yóò kọ́kọ́ kún inú rẹ̀. Bí písítìnì ṣe ń fún gáàsì tuntun pọ̀, gáàsì náà ń ti èéfín yẹn sókè, títí yóò fi kan ibi tó pọ́n. Ìgbà yẹn ni iná ń ràn. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ọwọ́ iná Bunsen sún mọ́ sìlíńdà, iná yóò tètè ràn. Bí ẹ bá gbé e jìnnà, yóò pẹ́. Mìlímítà mẹ́ta péré tó láti gbọ́ ìyàtọ̀, ẹ má sì ṣe sún un ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá tètè jù, ẹ ó gbọ́ ìkàn líle bí òòlù lójú irin, ẹ̀rọ sì lè ta padà nígbà tí ẹ bá ń ṣí i, èyí tó lè ṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Bí ó bá pẹ́ jù, ìró rẹ̀ yóò rọ̀ bí ẹni tó rẹ̀, páìpù ẹ́sọ́ọ̀sì yóò sì gbóná kọjá ààlà.

Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa háídírójìn. Gáàsì òde òní àti propane ń jó lọ́ra ju gáàsì èédú lọ, nítorí náà ọwọ́ iná tó wà ní ibi tí wọ́n sàmì sí ní ìgbà láéláé yóò pẹ́ fún wọn. Ẹ máa retí láti sún un mọ́ sìlíńdà. Mo ti rí ẹ̀rọ tí gbogbo ènìyàn ti sọ pé ó ti gbó, tó sì jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó ṣe é ni pé iná rẹ̀ ń pẹ́.

Kí àwọ̀ páìpù náà dúró ṣinṣin ní pupa tó fẹ́ di àwọ̀ ọsàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé òpin. Bí ó bá ń ṣú tó tún ń mọ́, kí ẹ máa retí pé àkókò iná náà yóò máa rìn gbéregbère. Ẹ fún ọwọ́ iná náà ní kọ́ọ̀kì tirẹ̀ tí kò gba inú àpò rọ́bà kọjá, kí mímu tí ẹ́ńjìnnì ń mu má baà máa gbọ̀n ọ́n. Páìpù irin ń tètè jẹra. Ẹ ní òmíràn nípamọ́, kí gígùn rẹ̀ má sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Asbẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun bí òwú tí iná kì í jó, ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ sínú ilé irin tó bo páìpù yìí. Ẹ má ha á, ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ má gbọ̀n ọ́n; ẹ pe ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti yọ ọ́, torí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Gọ́fánọ̀

Ní báyìí tí kò sí ilà àìràn nínú ìwé yín mọ́, a lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fi kẹ́rósíìnì fọ gbogbo ìsopọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Ọ́ìlì àtijọ́ tó ti di àtè ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ gọ́fánọ̀ máa pẹ́ dáhùn, tí ẹ̀rọ fi ń sáré kọjá kó tó fò, tí ó sì ń lọ́ra jù kó tó bú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi awò wo ẹnu ìka irin náà àti ibi tó ń kàn lára ọ̀pá fáàfù. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní igun tó mú. Bí wọ́n bá ti rí kiribiti, ìka náà yóò máa yọ̀ lójú iṣẹ́, yóò ṣí fáàfù ní ìdajì, ẹ̀rọ yóò sì rí gáàsì tí kò tó láti jó dáadáa. Ẹ fi òkúta ìpọ́nrin tẹ́ ojú wọn, kí ẹ yọ díẹ̀ gan-an, kí ẹ sì wọn gígùn rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ohun gbogbo bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kí ẹ tó yí sípíríńgì rẹ̀, ìdámẹ́rin ìyípo nọ́ọ̀tì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ka iye ìyípo ẹ̀rọ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe kọjá iye tí ilé iṣẹ́ kọ sára pátákó ẹ̀rọ náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ní òfin kan pé etí fúláíwíìlì tí wọ́n fi irin dídà ṣe kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì kan lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn nǹkan bí mítà 27 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fúláíwíìlì tó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, tó ń yípo ní ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú, ń sáré mítà 16 ní etí rẹ̀. Bí ẹ bá sún un dé 340, ẹ ti dé ẹnu ààlà, fúláíwíìlì tó bá sì fọ́ lórí eré kì í dá ẹnikẹ́ni sí.

Ohun kan wà tí gọ́fánọ̀ tó ń fo ìbúgbàù kò lè ṣe, kí ẹ má sì dá ara yín lẹ́bi nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti fò lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, afẹ́fẹ́ mímọ́ ti fọ inú sìlíńdà tán, ìbúgbàù tó tẹ̀ lé e yóò sì le ju ti èyí tó bú tẹ̀ lé òmíràn, tí èéfín àjókù ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí James Atkinson àti ilé iṣẹ́ Crossley, ní àwọn ọdún 1890, fi ń lo páìpù ẹ́sọ́ọ̀sì gígùn: èéfín tó ń sáré jáde nínú páìpù gígùn náà ń fa èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù sì ń rọ́pò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀rọ fò tàbí kò fò. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé kí a má ṣe fi páìpù tóóró tàbí ìyànà púpọ̀ dí ọ̀nà ẹ́sọ́ọ̀sì. Ẹ ṣí àpótí irin ẹ́sọ́ọ̀sì, ẹ kó èédú inú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú páìpù fẹ̀ dé òkè.

Ẹ tún fún ẹ̀rọ ní ẹrù tó tó o. Bí ẹ̀rọ tó ń yípo ní ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú bá ń bú lẹ́ẹ̀kan péré nínú mẹ́rin, ìyípo mẹ́jọ ló wà láàárín ìbúgbàù méjì, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá méjì lé díẹ̀. Kò sí gọ́fánọ̀ tó lè fi ìyẹn pamọ́ fún ojú tó ń wo gílóòbù.

Fúláíwíìlì, béárìn àti ìpìlẹ̀

Agbára tí fúláíwíìlì ń tọ́jú pamọ́ wà ní etí rẹ̀, ó sì ń pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin bí eré bá di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, dípò kí ẹ sáré pọ̀ sí i, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún iná mànàmáná ní fúláíwíìlì tó wúwo gan-an, nígbà mìíràn méjì, àwọn mìíràn sì fi kékeré kan sára ọ̀pá dáyínámò pàápàá, níbi tí eré ti pọ̀. Bí iná yín bá ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ òkè yìí, fúláíwíìlì orí dáyínámò yìí ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe, torí kò ní í kan ara ẹ́ńjìnnì rárá.

Ẹ fi èékánná tẹ ibi tí irin kíì so fúláíwíìlì mọ́ kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá tí písítìnì ń yí, kí ẹnì kejì sì mi fúláíwíìlì síwá sẹ́yìn. Ìmì tó kéré jù lọ níbẹ̀ ni ìkàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ti béárìn ni. Kíì tó dẹ̀ gbọ́dọ̀ di tuntun. Kí ẹ má ṣe fi òòlù gbá a wọlé títí tí ojú irin dídà yóò fi sán. Ní ti béárìn orí ọ̀pá písítìnì, ẹ fi okùn òjé tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín rẹ̀, kí ẹ dì í bó ṣe yẹ, kí ẹ tún tú u, kí ẹ wọn sísanra òjé tó tẹ̀: iye yẹn ni àyè tó wà níbẹ̀. Ẹ dín in kù nípa yíyọ àwọn pánù tẹ́ẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà.

Ẹ̀rọ tó dùbúlẹ̀ tí ó ní sìlíńdà kan yóò máa ti ilẹ̀ síwá sẹ́yìn, ohunkóhun tó wù ká ṣe. Ìwúwo tó wà lódì kejì kíráńkì ń pa púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kù, ilẹ̀ ni yóò gbà á. Kọnkéré tó nípọn, tí bọ́ọ̀tì gígùn wọ inú rẹ̀, ni ilé ẹ̀rọ yìí. Bí ó bá jẹ́ orí kẹ̀kẹ́ ni ẹ gbé e sí fún ìpàtẹ, ẹ fi igi dí táyà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì gbé ìwúwo rẹ̀ kúrò lórí táyà sórí igi líle.

Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sí ìwé yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ẹrù kan náà, kí ẹ ka ìyípo àti ìbúgbàù ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí iye méjèèjì kò bá yàtọ̀ ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ láti ìgbà àkọ́kọ́ tó gbóná títí dé ìgbà ìkẹyìn, iṣẹ́ ti parí. Bí ó bá ń yàtọ̀, ẹ wo ooru omi àti àwọ̀ páìpù gbígbóná kí ẹ tó tún ronú kan gọ́fánọ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa á, gáàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ tì láti orísun, kí ẹ̀rọ mu èyí tó kù nínú àpò tán. Lẹ́yìn náà ọwọ́ iná, lẹ́yìn náà ọ́ìlì. Ẹ fi písítìnì sílẹ̀ níbi tí fáàfù méjèèjì ti pa dé, kí ọ̀rinrin má baà wọlé, bó bá sì jẹ́ àsìkò òtútù ní ilẹ̀ tí yìnyín ti ń jábọ́, ẹ tú gbogbo omi ara sìlíńdà dànù kí ẹ tó lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà.